Ohun tí ó wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ìtàn Àìsàn Parkinson

Kò sí àdúgbò kan ní ilẹ̀ wa tí a kò ti lè rí àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tí ó tẹ̀ lé e ń ra mọ́ ara wọn bí ẹni tí ń yí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ó bá dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a rẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ a sì le tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò yóò fi rò pé inú ń bí i. Àwọn ọmọ ilé a ní, "Ogbó ni." Àwọn ará ilé kejì a ní, "Ọwọ́ ayé ni." Bí a bá ti wí báyìí tán, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn; kò sí ẹni tí yóò tún wo bàbá náà fínnífínní mọ́. Ìtàn àwọn tí kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìtàn ohun tí ojú rí ni, tí ọwọ́ sì kọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1755 ni a bí James Parkinson ní Hoxton, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni òun pẹ̀lú jogún. Kì í ṣe ẹni tí ń fẹ́ jókòó sí kọ̀rọ̀. Ní àkókò tí ìjọba dojú dé ní ilẹ̀ Faransé tí ẹ̀rù sì ń ba àwọn ọba Yúróòpù, ó ń kọ àwọn ìwé pélébé láti gbèjà mẹ̀kúnnù, ó sì ń fi ìnagijẹ "Old Hubert" bo ara rẹ̀. Ní ọdún 1794, wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ ọba láti bi í léèrè nípa àwọn kan tí a fẹ̀sùn kàn pé wọ́n fẹ́ fi ọfà olóró pa Ọba George Kẹta. Ó bọ́ nínú ìyẹn. Ó tún fẹ́ràn láti máa ṣa egungun àti ìkarahun ẹ̀dá ayé àtijọ́ tí ó ti di òkúta, ó kọ ìwé ńlá lé wọn lórí, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1807. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń wo ènìyàn: ojú tí ó ti mọ́ lára láti máa wá ìtàn lára ohun tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá.

Ní ọdún 1817, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 62, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, ojú ewé 66 péré. Orúkọ tí ó pe àìsàn inú rẹ̀, bí a bá tú u sí èdè wa, ni "ẹ̀gbà tí ń gbọ̀n". Ènìyàn mẹ́fà ni ó kọ nípa wọn. Àkọ́kọ́ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ń tọ́jú ọgbà, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn méjì, ojú títì ni ó ti pàdé wọn, ó sì dá wọn dúró, ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹnì kan wà tí ó jẹ́ pé òkèèrè ni ó ti wò ó, kò sún mọ́ ọn rárá. Ènìyàn mẹ́fà kéré. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kí ni ó rí? Ó rí i pé ìgbà tí ọwọ́ bá sinmi ni ó ń gbọ̀n jù, kì í ṣe ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ara ẹni náà a máa tẹ̀ síwájú, àti pé ìrìn rẹ̀ a máa di eré láìjẹ́ pé ó fẹ́ sáré, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan yóò ní láti máa fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ti èjìká rẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ó rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn náà ń wọlé, tí aláìsàn kì í fi í lè sọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹfà, ẹni ọdún 72, tún fi ohun ìyanu kan hàn án: rọpárọsẹ̀ kọlu apá ọ̀tún ọkùnrin náà, ní gbogbo ìgbà tí apá náà sì kú, kò gbọ̀n; bí agbára ti ń padà sí i ni ìgbọ̀n náà ń padà. Parkinson kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí i.

Kò wo ẹnì kankan sàn. Ó gbà pé ọ̀pá ẹ̀yìn níbi ọrùn ni àìsàn náà ti wá, ó ṣìnà. Ó ní kí a máa gba ẹ̀jẹ̀ lára ọrùn. Ìyẹn kò wúlò. Ó ní àìsàn náà kì í ba òye jẹ́. A ti mọ̀ lónìí pé ó lè kan òye, oorun àti ìrònú nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àbá ni òun dá, nítorí òun kò tíì ní àyè láti yẹ ara òkú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò, ó sì bẹ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé kí wọ́n yẹ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè kọ́ wọn, ó ní láti sọ ibi tí kòtò náà wà. Parkinson kú ní ọdún 1824. Kò sí àwòrán rẹ̀ kan tí a lè tọ́ka sí pé òun gan-an nìyí.

Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ẹnìkan tó gba iṣẹ́ náà ṣe dáadáa. Jean-Martin Charcot ni, ní ilé-ìwòsàn Salpêtrière ní Párìsì, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin aláìsàn àti arúgbó ń gbé. Nígbà náà, gbogbo ẹni tí ó bá ń gbọ̀n, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é. Charcot bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó fi ìyẹ́ gígùn sí fìlà orí aláìsàn, kí ó lè mọ̀ bóyá orí fúnra rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n tàbí ara ni ó ń mì í. Ó ní kí wọ́n na ọwọ́ mú nǹkan: ti ẹlòmíràn a gbọ̀n bí ó bá ti nawọ́, a jẹ́ pé àìsàn mìíràn ni, ti ẹlòmíràn a dákẹ́ bí ó bá ti nawọ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ó bá ti gbé e lé itan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti wọlé, tí ó sì fa èmi tí mò ń kọ́ nípa èdè mọ́ra. Charcot ní orúkọ tí Parkinson sọ àìsàn náà kò tọ́. Kì í ṣe ẹ̀gbà, nítorí agbára kò tán nínú iṣan. Ara ni ó le gan, ìrìn àti ìṣe ni ó sì fà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń gbọ̀n. Ẹni tí kò gbọ̀n, bí a bá ń pe àìsàn náà ní "ẹ̀gbà tí ń gbọ̀n", ta ni yóò mọ̀ pé ó ní i? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, Charcot fi orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pè é: àìsàn Parkinson. Oògùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ara a máa tu àwọn aláìsàn bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, ó mú kí wọ́n ṣe àga kan tí ń mì fún wọn. Ẹ̀rín lè pa wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ohun tí aláìsàn wí tí ó sì gbìyànjú, a kò lè bú u.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dé inú ọpọlọ. Ní ọdún 1912, Fritz Heinrich Lewy, ọmọ Jámánì, rí àwọn nǹkan róbótó kan nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àwọn tí àìsàn náà pa. Ní ọdún 1919, Konstantin Tretiakoff, ọmọ Rọ́ṣíà tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Párìsì, fi hàn pé ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí ó máa ń dúdú lára gbogbo wa, tí dúdú náà sì ń ṣí lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti kú. Ohun tí Parkinson bẹ àwọn ará ẹ̀yìn pé kí wọ́n yẹ̀ wò nìyẹn, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti méjì.

Ṣùgbọ́n kí ni ibi dúdú náà ń ṣe fún ara? Ewé méjì tí a mọ̀ nílẹ̀ wa ni yóò bá wa dá èyí lóhùn.

Èkíní ni asofẹ́yẹjẹ. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa ti ń fi í tọ́jú wèrè tipẹ́tipẹ́. Dókítà Raymond Prince, tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Reserpine ni orúkọ agbára kan tí ó wà nínú rẹ̀. Inú igi Íńdíà kan tí ó bá a tan ni àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde, ní ọdún 1952. Àwọn dókítà ń fi í wo wèrè, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ara àwọn kan tí ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n bí ti aláìsàn Parkinson. Ní ọdún 1957, Arvid Carlsson ní ilẹ̀ Swídìn fún ehoro ní reserpine. Ehoro kú sójú kan, kò lè mira. Ó wá fún wọn ní ohun kan tí a ń pè ní dopa, èyí tí ara ń sọ di dopamine. Kò pẹ́ tí àwọn ehoro dìde. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé dopamine ni ọpọlọ fi ń rán ara níṣẹ́ ìrìn. Ní ọdún 1960, Oleh Hornykiewicz àti Herbert Ehringer ní Vienna wọn ọpọlọ àwọn tí àìsàn Parkinson pa: dopamine ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ọpọlọ ènìyàn mélòó? Mẹ́fà ni.

Ewé kejì ni wèrèpè, tí gbogbo ọmọ oko mọ̀ nítorí yíyún rẹ̀. Dopa wà nínú irúgbìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Íńdíà ti yọ ọ́ jáde láti ọdún 1937. Ṣáájú wọn, ní 1913, Markus Guggenheim ní ilẹ̀ Switzerland ti yọ ọ́ jáde láti inú ẹ̀wà kan, ó gbé gíráàmù 2.5 mì láti dán an wò, ó sì bì. Ó pinnu pé kò ní agbára kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni oògùn fi wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n ní oògùn. Ní ọdún 1961, Walther Birkmayer àti Hornykiewicz fún àwọn aláìsàn 20 ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Vienna; ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn dìde, ó rìn; ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀, agbára náà lọ. Ní ọdún 1967, George Cotzias ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn 16 ní dopa láti ẹnu, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí inú lè gbà á. 8 nínú wọn sàn gidigidi. Levodopa, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1970, ni oògùn tí ó ṣì lágbára jù lọ títí di òní.

Kò wo àìsàn náà tán. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, agbára rẹ̀ a máa tètè tán lára, òun fúnra rẹ̀ a sì máa mú kí ara máa jó láìfẹ́. Nítorí ìyẹn ni Alim-Louis Benabid ní Grenoble ṣe bẹ̀rẹ̀, láti ọdún 1987, láti máa fi okùn iná tín-ínrín sínú ọpọlọ láti dá ìgbọ̀n dúró. Síbẹ̀, ojú àti ọwọ́ dókítà ni a ṣì fi ń mọ àìsàn náà jù: ìṣe tí ó fà, pẹ̀lú ara líle tàbí ọwọ́ tí ń gbọ̀n nígbà tí ó sinmi. Kò rọrùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ kan tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde: nínú ọpọlọ ènìyàn 100 tí a ti sọ nígbà ayé wọn pé wọ́n ní àìsàn Parkinson, 76 ni ó ní i ní tòótọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn kò jókòó dúró de aláìsàn ní ilé-ìwòsàn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Igbó-Ọrà, wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé, wọ́n yẹ nǹkan bí ènìyàn 19,000 wò. Ní ọdún 1988, a fi ohun tí wọ́n rí wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Copiah, ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà. Nínú 100,000 ẹni tí ó ti ju ọdún 39 lọ, 341 ni ó ní àìsàn náà ní Copiah. Ní Igbó-Ọrà, 67. Orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, ìbéèrè ńlá ni iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ nípa ibi tí ènìyàn ń gbé àti ohun tí ó ń bá pàdé níbẹ̀. Ní ọdún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ìyàtọ̀ kan wà nínú ohun àjogúnbá tí a ń pè ní GBA1, tí ó jẹ́ pé ara àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà ni a ti ń rí i jù, tí ó sì ń mú kí àìsàn náà tètè rí ènìyàn gbé ṣe. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ti ń yẹ ara wọn wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kò rí i, nítorí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi lára wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ohun tí mo kọ yìí lọ já wèrèpè sínú ìkòkò o. Dopa inú irúgbìn kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, àsìlò rẹ̀ sì léwu. Ohun tí mo ń wí kò ju èyí lọ: ewé méjèèjì wà ní ẹ̀yìn ilé wa, àwọn baba wa kò sì gọ̀. Ohun tí wọ́n rí kò kéré sí ohun tí Parkinson rí lójú títì Hoxton. Ṣùgbọ́n ohun tí Parkinson rí, ó kọ ọ́. Nítorí pé ó kọ ọ́, Charcot lè sọ fún un pé ó ṣìnà. Nítorí pé Charcot kọ ọ́, ẹlòmíràn lè lọ síwájú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Bí ẹ bá padà délé ní ìsinmi, tí ẹ bá bá bàbá tàbí ìyá kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan, ẹ má ṣe yára wí pé ogbó ni tàbí pé ayé ni. Ẹ wò ó. Ẹ bi í léèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oògùn wà tí ó lè gbé e dìde lórí àga rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sójú kan títí di ọjọ́ ikú nítorí pé a sọ àìsàn rẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.