Ọfà Tó Bá Ọrun Mu: Bí Ìmọ̀ Ọwọ́ Ṣe Di Ìwọ̀n

 

Ọ̀rọ̀ ọfà ni a gbé wá lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ọba Kétu ni wọ́n ń pe Òṣóòsì títí di òní. Àmì rẹ̀ ni ọrun àti ọfà tí alágbẹ̀dẹ rọ pọ̀ mọ́ ara wọn. "Ofá" ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló gbé orúkọ náà dé ọ̀hún. Nílé níbí, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní ọdún 1886, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó yè tó padà wá tún ìlú tẹ̀ dó.

Orúkọ ọfà kò sọnù, àwòrán rẹ̀ kò sọnù. Ṣùgbọ́n ọfà irin kì í fò. Kò lè sọ fún wa bí igi ọfà ṣe gbọ́dọ̀ le tó kí ó tó bá ọrun kan mu. Ọwọ́ ni ìmọ̀ yẹn ń gbé: ọ̀gá á tẹ igi wò, á gbé e fún ọmọ iṣẹ́ kí òun náà tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọwọ́ kan bá lọ láìfi lé òmíràn lọ́wọ́, ó tán nìyẹn. Ọsán já, ọrun di ọ̀pá.

Kí ló dé tí líle igi fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ọfà lórí ọrun. Ẹ̀gbẹ́ igi ọrun ni ọfà ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀nà àárín ni ọsán ń sáré tọ̀. Bí a bá jọ̀wọ́ ọsán, yóò ti ọfà láti ìdí nígbà tí orí rẹ̀ ṣì wúwo níwájú. Igi náà á tẹ̀, á yí ara gba ẹ̀gbẹ́ ọrun kọjá, á sì máa mì bí ejò bí ó ṣe ń lọ. Bí igi bá le jù, kò ní tẹ̀ tó, yóò sì yà. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, tí ọfà rẹ̀ sì wà ní apá òsì ọrun, ọfà tó le jù á yà sí òsì, èyí tó rọ̀ jù á yà sí ọ̀tún. Ojú tafàtafà lè mọ́ kedere, ọwọ́ rẹ̀ lè má gbọ̀n rárá, síbẹ̀ ẹran á lọ. Bí ọrun bá ṣe lágbára tó ni igi ọfà gbọ́dọ̀ le tó. Igi gígùn ń tẹ̀ ju kúkúrú lọ, orí ọfà tó wúwo sì ń mú kí igi ṣe bí ẹni pé ó rọ̀ sí i.

Àwọn ará England náà fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1545, Roger Ascham kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Toxophilus lórí ọrun àti ọfà. Ó ka irú igi 15 tí wọ́n fi ń ṣe ọfà. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ ogun Mary Rose rì. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ kó ẹrù inú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà jáde ní 1982, wọ́n ti bá ọrun tó lé ní 130 àti ọfà bíi 3,500 níbẹ̀. Ọrun wà, ọfà wà, àwọn tó mọ èyí tó bá èyí mu ti bá omi lọ.

Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1930 sí 1939, onímọ̀ físíìsì kan, Clarence Hickman, fi kámẹ́rà tó ń yára gidigidi ya ọfà bí ó ṣe ń kúrò lórí ọrun. Ohun tí ojú lásán kò lè rí wá hàn: ọfà ń tẹ̀ yí igi ọrun ká. Ní 1947, òun, Forrest Nagler àti Paul Klopsteg kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé kan. James Easton náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù ṣe ọfà ní 1939. Igi méjì kì í jọra tán, ṣùgbọ́n ọ̀pá alumíníọ̀mù méjì lè jọra bí ìbejì, nọ́ńbà kan sì lè dúró fún méjèèjì.

Ìwọ̀n méjì ló wà. Ti ọfà onígi: ẹ gbé ọfà lé ohun méjì tó jìnnà síra ní ínṣì 26 (sẹ̀ǹtímítà 66), ẹ so pọ́n-ùn 2 (gíráàmù 907) mọ́ àárín, kí ẹ wo iye ínṣì tó tẹ̀. Ẹ fi iye yẹn pín 26. Agbára ọrun tó yẹ ẹ́ ní pọ́n-ùn nìyẹn. Bí ó bá tẹ̀ ní 0.52, ọrun pọ́n-ùn 50 ni. Ti ìgbàlódé: ínṣì 28 (mìlímítà 711) àti gíráàmù 880. Ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì ni wọ́n fi ń kà á, nítorí náà èyí tó bá tẹ̀ ní ìdajì ínṣì ń jẹ́ 500. Nínú ti àkọ́kọ́, nọ́ńbà ńlá ni igi líle. Nínú ti ìgbàlódé, nọ́ńbà ńlá ni igi rírọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Irinṣẹ́ náà kò gba owó ńlá. Ẹ wá pákó líle tó gùn tó mítà kan, ẹ kàn án mọ́ ògiri. Ẹ kan ìṣó méjì tó dán mọ́ ọn kí wọ́n yọ síta, mìlímítà 711 láàárín wọn, kí ọfà sùn lé wọn. Fún ẹrù, ike omi tó ní ìkọ́ ti tó: ẹ rọ omi sí i títí tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ gíráàmù 880 lórí òṣùwọ̀n. Fún atọ́ka, ẹ mú ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan, ẹ fi ìṣó kékeré gún un mọ́ pákó kí ó lè máa yí. Apá kúkúrú á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, abẹ́rẹ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ á wà lábẹ́ àárín ọfà. Apá gígùn á jẹ́ 25, rúlà á dúró lóòró níbi ẹnu rẹ̀. Mìlímítà 1 tí ọfà bá tẹ̀, 5 ni atọ́ka á fi hàn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kò purọ́? Ẹ lo ọ̀pá irin tó dán, tó tọ́, tó nípọn ní mìlímítà 6 gẹ́lẹ́. Irin ìkọ́lé tó rí ṣákáṣàka kò dára fún un. Ẹ gbé e lé orí ìṣó, ẹ kọ ibi tí atọ́ka wà kí ẹ tó so ẹrù. Lábẹ́ gíráàmù 880, irin bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 5.1, atọ́ka á sì rìn ní bíi 25. Lẹ́yìn náà, ẹ so 440: ìdajì ló gbọ́dọ̀ rìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ń há tàbí pákó ń tẹ̀. Bí ìdajì bá pé ṣùgbọ́n 5.1 kò pé, ẹ tún àyè ìṣó wọ̀n, nítorí mìlímítà 7 péré tí ó bá fi yà, ìdáhùn á yà ní bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá wá kan igi, ẹ yí i ní ìdá mẹ́rin kí ẹ tún un wọ̀n, torí igi ní ẹ̀gbẹ́ tó le ju èkejì lọ.

Ohun tó jẹ wá lógún nìyí. Níbi tí àgbà ọdẹ bá ti ní apó àtijọ́ nínú àjà, ẹ lè lo ìwọ̀n yìí níbẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá, ẹ má fọwọ́ kan orí ọfà nítorí oró, ẹ wọn igi, kí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ igi àti irú ọrun. Ẹ bi bàbá pẹ̀lú bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń mọ èyí tó dára, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Nọ́ńbà kò lè rọ́pò ọwọ́ bàbá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá fẹ́ gbẹ́ ọfà tó ń fò lọ́la, yóò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.