Orúkọ Tí Ó Sọnù Lára Àwòrán: Bí A Ṣe Ń Dá Àwọn Eléré Bésíbọ́ọ̀lù Àtijọ́ Mọ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn aláṣẹ eré bésíbọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí ó mi àkọsílẹ̀ eré náà tìtì. Wọ́n mú iṣẹ́ tí àwọn eléré aláwọ̀ dúdú ṣe láàárín ọdún 1920 sí 1948, nígbà tí a kò jẹ́ kí dúdú bá funfun ṣeré nínú àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá, wọ́n sì kà á mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá náà. Àwọn eléré tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lé ní 2,300. Lójú ẹsẹ̀, Josh Gibson, ẹni tí ó ti kú láti oṣù kìíní ọdún 1947, di aṣíwájú gbogbo àwọn tí ó ti fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù rí ní Amẹ́ríkà. Nínú ìgbà 1,000 tí ó bá dúró láti lù ú, a ṣírò rẹ̀ pé 372 ni ó lù ní àlùyege. Ty Cobb, tí ó ti jókòó sórí àga náà fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú 367, wá sún sí ipò kejì.

Báyìí ni ìwé ṣe dá iyì àwọn òkú padà fún wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣẹ́kù tí kì í ṣe iṣẹ́ òǹkà. Káàkiri Amẹ́ríkà, nínú àpótí àwọn ìyá àgbà, lórí àjà ilé oko, àti nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwòrán àti ohun ìrántí eré yìí pọ̀ tí ojú wà lára wọn tí orúkọ kò sí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́sàn-án jókòó, wọ́n di ọ̀pá mú, wọ́n ń wo ẹni tí ó ń wò wọ́n. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ọmọ ta ni wọ́n. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè fà á lọ síbi tí ó bá wù ú.

Bésíbọ́ọ̀lù, fún ẹni tí kò bá tíì rí i, jẹ́ eré ẹgbẹ́ méjì. Ẹnìkan ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkejì fi ọ̀pá lù ú, ó sì sáré yí ojúko mẹ́rin ká kí ó tó padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1845 ni ẹgbẹ́ Knickerbocker ní New York kọ òfin eré tiwọn sílẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù. Wọn a fi òwú wé rọ́bà kékeré títí yóò fi tóbi tó, wọn a fi awọ bò ó, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ rán an. Bí eré bá parí, ẹgbẹ́ tí a ṣẹ́gun a fa bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà lé àwọn tí ó borí lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí a kùn ún ní àwọ̀ wúrà, wọn a kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, ọjọ́ eré àti iye ayò sí i lára, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú adé. Orúkọ ẹgbẹ́ ni bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ. Orúkọ àwọn tí ó sáré, tí wọ́n làágùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọnà yòókù. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbẹ́gilére kan ní New York, Samuel Robb, gbẹ́ ère eléré bésíbọ́ọ̀lù, irú èyí tí wọ́n ń gbé dúró níwájú ìsọ̀ àwọn oníṣòwò tábà. Ní ọdún 1914, àwọn oníṣòwò sìgá fi aṣọ kékeré tí a tẹ àwòrán eléré sí kún ọjà wọn, àwọn obìnrin sì ń rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora. Ti aṣọ wọ̀nyí rọrùn, nítorí pé a tẹ orúkọ mọ́ àwòrán. Ṣùgbọ́n ère kò lè sọ̀rọ̀, fọ́tò kò sì lè dáhùn. Àní nọ́ńbà tí ó máa ń wà lẹ́yìn aṣọ eléré lóde òní kò sí nígbà náà; ọdún 1929 ni ẹgbẹ́ Yankees ti New York àti ẹgbẹ́ Cleveland bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ títí lọ.

Báwo wá ni àwọn onímọ̀ ṣe ń dá ojú tí kò lórúkọ mọ̀? Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Ọjọ́ orí àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Bí sítáǹpù owó-orí ìjọba bá wà lẹ́yìn fọ́tò kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé láàárín oṣù kẹsàn-án ọdún 1864 sí oṣù kẹjọ ọdún 1866 ni a tà á, nítorí pé àkókò yẹn nìkan ni ìjọba Amẹ́ríkà fi gba owó-orí lórí fọ́tò. Bí ìbòjú onírin tí apẹ̀yìn-gbá-bọ́ọ̀lù ń lò bá wà nílẹ̀ níwájú àwọn eléré, àwòrán náà kò lè ṣáájú ọdún 1877, ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard kọ́kọ́ lò ó nínú eré. Ẹ̀wù, ìgbànú, fìlà àti lẹ́tà tí ó wà láyà, gbogbo wọn ní àkókò tiwọn.

Ìṣọ́ra mìíràn tún wà. Àwọn fọ́tò àkọ́kọ́, tí a ń yà sórí irin pẹlẹbẹ, ń yí nǹkan padà bí dígí ṣe ń yí i. Ọwọ́ òsì a di ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́tà a sì kọ ẹ̀yìn síni. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè sọ pé ọlọ́wọ́ òsì ni ọkùnrin kan, kí ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fún un ní orúkọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Irun ń gbó, irùngbọ̀n ń hù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń tẹ́. Ṣùgbọ́n ìrísí etí kì í tètè yí padà, nítorí náà etí ni àwọn onímọ̀ ń tẹjú mọ́ jù. Níkẹyìn, wọn a gbé ìwé ìròyìn ìlú náà jáde, wọn a wo orúkọ àwọn tí ó ṣeré lọ́dún náà, wọn a sì yẹ ìwé ìkànìyàn wò. Ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan tí a dá sílẹ̀ ní Cooperstown ní ọdún 1971, tí a ń pè ní SABR, ti fi irú iṣẹ́ báyìí ṣe àṣekára.

Ibi tí a kò bá ti ṣe iṣẹ́ náà, irọ́ a máa gba ipò. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Cooperstown yìí kan náà. Ní ọdún 1905 ni ìgbìmọ̀ kan, tí Abraham Mills jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tí ó dá bésíbọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan, Abner Graves, kọ̀wé pé Abner Doubleday ni, ní Cooperstown, ní nǹkan bí ọdún 1839. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni Graves nígbà tí ó ní ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀gágun ni Doubleday yìí dà, ó sì jà nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní 1839 ilé ẹ̀kọ́ ológun ní West Point ni ó wà, kò sì sí ibi tí ó ti sọ ọ́ kí ó tó kú ní 1893 pé òun dá eré kankan sílẹ̀. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ gba ọ̀rọ̀ Graves gbọ́.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1934, wọ́n rí bọ́ọ̀lù kan tí a fi ọwọ́ rán nínú àpótí kan ní abúlé Fly Creek, nítòsí Cooperstown. Awọ rẹ̀ ti ya, àkísà inú rẹ̀ sì ti yọ síta. Wọ́n ní àpótí Graves ni. Ọlọ́rọ̀ kan nílùú náà, Stephen Clark, ra bọ́ọ̀lù yìí ní dọ́là márùn-ún, wọ́n sì ń pè é ní bọ́ọ̀lù Doubleday. Ní ọdún 1939 ni wọ́n ṣí ilé ìrántí ńlá eré bésíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown, láti ṣàjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn òpìtàn ti bá irọ́ yìí tipẹ́. Bọ́ọ̀lù náà kò jẹ̀bi ohunkóhun: bọ́ọ̀lù àtijọ́ ni, ọwọ́ ènìyàn ló sì rán an. Orúkọ tí a fi pè é ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ èké nìkan ni ewu. Nígbà mìíràn orúkọ wà, ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ ni a kò mọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1879, ẹgbẹ́ Providence Grays ṣaláìní eléré kan nítorí pé Joe Start fara pa. Wọ́n ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Brown tí ó wà nínú ìlú wọn, William Edward White. Ó bá wọn ṣeré, wọ́n sì fi ayò 5 sí 3 lu ẹgbẹ́ Cleveland. Kò tún bá wọn ṣeré mọ́. Àwòrán ẹgbẹ́ yunifásítì náà ní ọdún 1879 wà, White sì jókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn.

Ó tó ọdún 2004 kí ayé tó gbọ́ ohun tí àwọn olùwádìí rí. Ìpínlẹ̀ Georgia ni a bí White sí ní 1860. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó olóko. Ìyá rẹ̀, Hannah, jẹ́ ẹrú bàbá náà. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1870 kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ dúdú-pọ̀-mọ́-funfun, ìwé ìhágún bàbá rẹ̀ sì dárúkọ rẹ̀ pé ọmọ Hannah ni. Ní báyìí, àwọn kan ní òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣeré nínú ẹgbẹ́ ńlá, ọdún márùn-ún ṣáájú Moses Fleetwood Walker ti Toledo, àti ọdún 68 ṣáájú Jackie Robinson.

Àríyànjiyàn kò tán síbẹ̀. Nínú ìwé ìkànìyàn tí ó tẹ̀lé e, òyìnbó ni a kọ White sí, bí òyìnbó ni ó sì ṣe gbé ayé rẹ̀ títí ó fi kú ní Chicago ní 1937. Walker ní tirẹ̀ jáde sí gbangba ní 1884 gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú, ó jẹ èébú, ó sì farada á. Ní 1887, àwọn olórí ìdíje kan tí ó ń ṣeré níbẹ̀ pàṣẹ pé kí a má ṣe gba aláwọ̀ dúdú tuntun mọ́. Ta ni kí a fún ní oyè àkọ́kọ́: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, tàbí ẹni tí ìyà rẹ̀ ṣáájú? Ìwé lè sọ ibi tí ènìyàn ti wá. Kò lè sọ ohun tí ó ná an láti pa á mọ́. Ẹni tí yóò bá fún òkú ní orúkọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù ni ó ń gbé.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí le jù ni owó. Fọ́tò ọkùnrin aláìlórúkọ kì í tó nǹkan lójú oníṣòwò. Bí a bá ní akọni kan báyìí ni, owó rẹ̀ a ga sókè lọ́jọ́ kan náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ láti rí ẹni ńlá nínú àwòrán kékeré kì í tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi orúkọ akọni bò mọ́lẹ̀, ènìyàn lòun náà. Ó ní ìyá, ó ní ẹgbẹ́, ó sì ṣeéṣe kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì máa wá a kiri. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni èyí pa lára jù, nítorí pé àwọn ìwé ìròyìn òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ ka eré wọn sí. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú, bí Chicago Defender àti Pittsburgh Courier, tí wọ́n ń kọ orúkọ àti ayò sílẹ̀. Bí kò bá sí wọn ni, ìdájọ́ ọdún 2024 ì bá má rí ẹsẹ̀ dúró lé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò mọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ilé wo ni kò sí àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ti di àgbà, tí àwọn àgbà inú rẹ̀ sì ti lọ? Ohun tí ó gba àwọn onímọ̀ ní ogún ọdún láti wá, pẹ́ńsùlù ì bá ti kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò ní ìṣẹ́jú kan: orúkọ, ìlú, ọdún. Nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá ṣì wà láàyè ni ó yẹ kí a bi í, nítorí pé etí àti ẹ̀wù kò lè sọ tó bí ẹnu ìyá ẹni.