Nígbà Tí Ọ̀nà Yà Kúrò ní Ejìnrìn

Ejìnrìn wà ní etí ọ̀sà, ní ìhà àríwá omi náà, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ìlú kékeré ni lónìí. Síbẹ̀, ní nǹkan bí àádóje ọdún sẹ́yìn, ọjà rẹ̀ wà lára àwọn ọjà ńlá tí Èkó gbójú lé. Ó yẹ ká wádìí bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe tú láìjẹ́ pé ogun sun ún tàbí pé àwọn ará ibẹ̀ di ọ̀lẹ.

Ibi tí ìlú náà wà ló kọ́kọ́ gbé e ga. Ọkọ̀ omi ń ti Èkó wá gúnlẹ̀ sí èbúté rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ gòkè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìbàdàn. Ẹrù inú ọkọ̀ ní láti bọ́ sórí alárù níbẹ̀, ti orí alárù sì ní láti bọ́ sínú ọkọ̀. Epo pupa, èkùrọ́ àti aṣọ Ìjẹ̀bú ń lọ sí Èkó. Iyọ̀, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ń gòkè lọ.

Òfin Ìjẹ̀bú tún ti ọjà náà lẹ́yìn. Wọn kì í jẹ́ kí àjèjì oníṣòwò gba ilẹ̀ wọn kọjá. Ará Èkó dúró sí etí omi. Ìbàdàn tó ń wá ìbọn fún ogun Kírìjì láti 1877 dúró lókè. Ìjẹ̀bú wà láàárín, ó ń jèrè lọ́tùn-ún lósì. Ohun tó bí Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣàkóso Èkó, nínú nìyẹn. Ní oṣù kìíní 1892, wọ́n bá Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn pé kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba Èkó máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kan Ìjẹ̀bú pé ó yẹ àdéhùn, Gómìnà Gilbert Carter rán ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ṣẹ́gun ní Ìmàgbọn.

Ogun yẹn ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹrù ṣì lè gba Ejìnrìn. Rélùwéè ló gba ẹrù náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ ní 1896. Ó gba Abẹ́òkúta, ó sì ń ná Ìbàdàn ní 1901, jìnnà réré sí ọ̀sà Ìjẹ̀bú. Èkùrọ́ tí alárù ń fi ọjọ́ púpọ̀ gbé di ohun tí ọkọ̀ ojú irin ń kó wọ Èkó tààrà. Nígbà tí títì mọ́tò tún la Ìkòròdú àti Ṣàgámù kọjá, kò sí ìdí mọ́ tí ẹrù fi ní láti sọ̀ ní Ejìnrìn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kọjá ìlú kan. A máa ń dá ọ̀dọ́ lẹ́bi pé wọ́n sá kúrò nílé, bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹrù bá gbà ni oúnjẹ òòjọ́ ń gbà. Ẹni tó ń fa ìlà ojú irin tàbí títì sórí ìwé ń pín ọlà fún ìlú kan, ó ń gbà á lọ́wọ́ òmíràn. Ó sì yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò kù fún èyí tó yà sílẹ̀. Ọ̀sà kò gbẹ. Ìjọba Èkó tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ omi lójoojúmọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní gbèsè èbúté tó dára láti san fún Ejìnrìn.