Owó Ta Ni A Fi Ń Lọ sí Yunifásítì?



Ọdọọdún ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, èsì ìdánwò dé, ó yege. Ìyá rẹ̀ jó, àwọn aládùúgbò wá kí wọn kú oríire. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí àlejò lọ tán, bàbá jókòó, ó ń ka owó tí kò tó. Níbo ni owó yunifásítì yóò ti wá?

Bí ẹ bá bi ìtàn léèrè, yóò sọ fún yín pé ìbéèrè náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Yóò sì sọ fún yín pé owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, tí a ń pè ní sìkọ́láṣíípù, kò já bọ́ láti ojú ọ̀run rí. Ẹnìkan ni ó ń san án, ó sì ní ìdí tí ó fi ń san án.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1855. Láyé ìgbà náà, àìsàn ń pa àwọn dókítà òyìnbó tí ń tọ́jú ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iléeṣẹ́ Ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá rò ó pé ó sàn kí àwọn kọ́ ọmọ onílẹ̀ ní iṣẹ́ ìṣègùn. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Sàró: William Broughton Davies, James Africanus Horton àti Samuel Campbell. Yorùbá ni òbí Davies, Ìgbò ni òbí Horton. Wọ́n wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. A rán àwọn mẹ́ta náà lọ sí King's College ní London. Àìsàn kò jẹ́ kí Campbell parí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di 1859, Davies àti Horton ti di dókítà, wọ́n sì padà wá ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ-ogun. Kì í ṣe àánú nìkan ni ó mú kí ìjọba náwó lé wọn lórí. Dókítà ni ó ń wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Èkó. Ní 1890, ìjọba rán Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, lọ sí Plymouth kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó padà dé ní 1893, wọ́n sì fi í sídìí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, òun náà ni ó di ẹni tí ń ta ko ìjọba jù lọ ní Èkó. Nígbà tí Olóyè Amodu Tijani Olúwa ń bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá, Macaulay bá a lọ sí London ní 1920, Olóyè sì jàre ní 1921. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tí ó sanwó lè ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ti wọ orí ọmọ, kò sí ẹni tí ó lè gbà á padà?

Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ènìyàn wa rí i pé àwọn kò lè máa wo ojú ìjọba títí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ilẹ̀ Ìbíbíò, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú dá owó jọ, wọ́n sì rán ọmọkùnrin mẹ́fà lọ sí òkè òkun ní 1938. Ọ̀kan nínú wọn ni Udo Udoma, tí ó kọ́ òfin ní Dublin, tí ó sì di adájọ́ àgbà ilẹ̀ Ùgáńdà. Ní tiwa, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní London ní 1945, wọ́n sì ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Ríran ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ láti kàwé dé òkè wà lára iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà gbé lé ara rẹ̀.

Ní 1948 kan náà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Chinua Achebe wọlé lọ́dún náà pẹ̀lú sìkọ́láṣíípù láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀. Ó yí sí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn. Sìkọ́láṣíípù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Augustine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní owó tí ì bá fi wálé nígbà ìsinmi iṣẹ́. Kò wálé mọ́. Ó fi owó náà sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Achebe kàwé jáde ní 1953. Gbogbo ayé ni ó ń ka ìwé rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n àwọn mélòó ni ó mọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n tí kò wálé?

Owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ná sórí ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ẹ wo inú oko kòkó. Ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà náà. Iye tí wọ́n ń san fún un sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á ní òkè òkun, wọn a sì tọ́jú èyí tí ó kù. Owó kòkó wà nínú owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ó wà nínú sìkọ́láṣíípù, ó sì wà nínú owó Yunifásítì Ifẹ̀ tí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1962. Àgbẹ̀ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ni ó sanwó ìwé fún lọ́yà àti dókítà.

Ní 1972, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọ̀pọ̀ yá owó náà, wọn kò san án padà. Ohun tí ó yẹ kí àbúrò bá níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ní 2024, òfin tuntun tún gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dìde lábẹ́ àjọ NELFUND. Kò sí èlé lórí rẹ̀; ọdún méjì lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe agùnbánirọ̀ tán ni sísan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ tí èsì ìdánwò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbọ́ o. Bí a bá fún ọ ní owó ẹ̀kọ́, ka ìwé àdéhùn rẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí i. Bí o bá fẹ́ yí ẹ̀kọ́ rẹ padà, kọ́kọ́ béèrè ohun tí yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé o yá a ni, san án. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀fẹ́, mọ̀ pé ẹnìkan ti san án fún ọ. O lè má rí àgbẹ̀ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó lè ti kú. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, bàbá tirẹ̀ náà jókòó lálẹ́, ó ń ka owó tí kò tó. Òun ni kí o san án fún.