Bí Òdòdó Ààfin Ṣe Di Fàájì Ìdílé

Ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, ará Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí, tó bá fẹ́ wo òdòdó sakura, Ueno ló máa ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì ìdílé Tokugawa tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Jàpáàn nígbà náà wà níbẹ̀. Orin àti ọtí di èèwọ̀, ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣú bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Tokugawa Yoshimune, ṣógùn (olórí ogun tó ń ṣàkóso) kẹjọ nínú ìdílé náà, ló tú mẹ̀kúnnù sílẹ̀. Ní 1720 àti 1721, ó ní kí wọ́n gbin igi sakura tó lé ní 1,000 sórí òkè Asukayama. Níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọrin ń kọrin, ẹni tó fẹ́ mutí ń mutí, tọmọdé tàgbà sì ń jó.

Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ọlọ́lá ni a mọ̀ mọ hanami, ìyẹn àpèjọ láti wo òdòdó. Lọ́dún 812, Ọba Saga kó àwọn ìjòyè jọ síbi òdòdó ní ọgbà Shinsen'en ní Kyoto. Nígbà tó di 1598, Toyotomi Hideyoshi, alágbára tó ń ṣàkóso Jàpáàn nígbà náà, pe àlejò tó lé ní 1,000 sí tẹ́ńpìlì Daigo-ji, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Igi bí 700 ni wọ́n hú wá gbìn síbẹ̀ nítorí àsè ẹyọ kan yẹn! Kí ọdún náà tó parí, Hideyoshi ti kú.

Lẹ́yìn tí Asukayama ṣí sílẹ̀, àwọn ìdílé Edo fi ọwọ́ ara wọn sọ hanami di tiwọn. Wọ́n ń to oúnjẹ sínú àpótí onípele, wọ́n ń gbé ẹní dání. Wọ́n tún máa ń ta okùn láti igi dé igi, wọn a sì fi kimono olówó iyebíye kọ́ ọ bí aṣọ ìkélé, kí ìdílé lè rójú jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ kan náà ló ń bò wọ́n lójú ayé, òun náà ló ń fi ọlá wọn han aládùúgbò. Létí odò Sumida, nítòsí tẹ́ńpìlì Chomeiji, ni sakura-mochi ti gbajúmọ̀: ẹ̀wà pupa gígún aládùn, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dì, tí wọ́n sì fi ewé sakura oníyọ̀ wé.

Somei Yoshino ni igi tó gbòde jù báyìí. Abúlé Somei ní Edo ló ti jáde, wọn kì í sì í gbin kóró rẹ̀: ẹ̀ka ni wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn. Ọmọ igi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tanná pa pọ̀ ní àdúgbò kan, tí wọ́n sì ń rẹ̀ dànù pa pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá pẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Nítorí náà ni etí gbogbo ìdílé ṣe máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba, tí wọ́n ń ṣọ́ igi kan pàtó ní ojúbọ Yasukuni. Bí òdòdó 5 tàbí 6 bá ti là lórí rẹ̀, wọ́n á kéde pé sakura Tokyo ti bẹ̀rẹ̀.