Ohun Tí Ọdẹ Ń Kì Sẹ́nu Ìbọn: Ìtàn Ẹ̀tù àti Ọta Nílẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, ẹni tí ìbọn dojú kọ kọ́ ni ó fara pa, ẹni tí ó dì í mú ni. Ìka méjì kò sí ní ọwọ́ òsì bàbá àgbà mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí wọn.

Ọdẹ ni bàbá àgbà mi. Ìbọn ṣakabùlà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn kì í. Ní ọjọ́ kan, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá wọn ṣe é. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi ṣe é lọ́jọ́ kan. Kò mọ̀ pé mo ti kì í tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tù ẹni méjì ló bọ́ sínú ìbọn kan.” Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi, mo sì mọ ìyókù.

Nǹkan bí ọdún 1974 ni ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìtàn wa ti kọ́ wa pé láti nǹkan bí ọdún 1866 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ìbọn tí a ń kì láti ẹnu sílẹ̀. Ìbéèrè kan wá gbà mí lọ́kàn: kí ló dé tí bàbá àgbà mi ṣì ń kì ìbọn láti ẹnu nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn mìíràn ti jáwọ́ níbẹ̀?

Kí a tó lè dáhùn, a ní láti mọ ohun tí ọdẹ ń yàn kí ìbọn rẹ̀ tó dún. Ohun mẹ́rin ni. Èkíní ni ẹ̀tù, tí a fi èédú, ìmí-ọjọ́ àti irú iyọ̀ kan ṣe. Bí ẹ̀tù bá tutù, kò ní gbiná; bí ó bá pọ̀ jù, ìbọn á bẹ́. Ìkejì ni ọta. Ọta wẹ́wẹ́ ni ti ẹyẹ, ọta ńlá ni ti ẹran ńlá. Òjé rọ̀, kì í ha inú ìbọn. Irin le, ó ń ha á díẹ̀díẹ̀. Ìkẹta ni ohun tí yóò ṣáná, ìbáà ṣe òkúta akọ tàbí fìlà bàbà kékeré tí ó ń gbiná nígbà tí apátí bá gbá a. Ìkẹrin ni ìbọn fúnra rẹ̀, bóyá ó lágbára tó láti gba ohun tí a kì sínú rẹ̀.

Ibo ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń wá láyé ogun àwọn baba ńlá wa? Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ ọta irin í rọ. Ṣùgbọ́n etíkun ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀tù ti ń wọlé, nínú àgbá. Àwọn ìlú bíi Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń ṣe ìbọn òwò tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di ọ̀nà etíkun mú ló di ẹ̀tù mú, ẹni tí ó bá sì di ẹ̀tù mú ló di ogun mú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1877 nìyẹn. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìbàdàn, rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto Novo, láti lọ ra ohun ìjà. Àwọn Ẹ̀gbá kò fẹ́ kí nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá, wọ́n dá àwọn èrò náà lọ́nà, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà náà fi dìde sí Ìbàdàn. Ogun tí a wá mọ̀ sí Kírìjì nìyẹn. Ìró ìbọn láàárín àwọn òkè ni wọ́n sọ pé ó fún un ní orúkọ náà.

Nínú ogun yìí ni nǹkan tuntun dé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn. Ìdí ni a ti ń ki ọta bọ Snider, kì í ṣe ẹnu. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Ìbọn ẹlẹ́nu kò ju bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Àṣírí rẹ̀ wà nínú ọta rẹ̀: ẹ̀tù, òjé àti ohun tí ó ń ṣáná, gbogbo wọn ni a ti dì pọ̀ sínú ìkarahun idẹ kan. Ẹni tí ń yìn ín kò yan nǹkan kan mọ́. Ẹni tí ó ṣe é ní òkè òkun ti bá a yàn án. Ó yára, kò sì sí ẹni tí yóò kì í lẹ́ẹ̀mejì ní àìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọta bá tán, Èkó ni a ó tún padà sí.

Àwọn òyìnbó rí i pé irú ìbọn yìí ti ń bọ́ sí ọwọ́ wa. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1890, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní ìlú Brussels. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òpin sí, òótọ́ sì ni pé ìbọn wà lára ohun tí ó ń gbé òwò náà ró. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà tún dí ọ̀nà mọ́ ìbọn ìgbàlódé àti ọta onídẹ ní apá tí ó pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà. Ohun tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún kí a máa tà fún wa ni ìbọn olókùúta akọ àti ẹ̀tù òwò lásán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim dojú kọ àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó borí.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ gba òmìnira, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ṣì ya ìbọn tí a ń kì láti ẹnu sọ́tọ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Èyí tí ó rọrùn jù fún ọdẹ abúlé láti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ náà nìyẹn. Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Kì í ṣe pé bàbá àgbà mi kò mọ ohun tí ó dára. Àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ wọ́n rí ti jókòó ní ìlú òkèèrè, wọ́n ti yan irú ìbọn tí ó tọ́ sí wọn kí a tó bí wọn. Ìka méjì ni wọ́n fi san lára gbèsè náà.

N kò sọ pé kí ọta onídẹ kún ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ìlú ṣe rí lónìí, ó dára kí ìbọn má pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nínú nǹkan tí ó ń lò, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a yàn, ìbáà ṣe ẹ̀tù, ìbáà ṣe oògùn, ìbáà ṣe òfin.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun ní ìbọn náà, kí òun lè máa fi ṣọ́ oko. Wọn kò tíì gbà. Nígbà tí mo ka àròkọ yìí fún bàbá àgbà mi tán, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní, “Lọ kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí ó bá lè sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún mi láìwo ìwé, a ó jọ sọ̀rọ̀.”