Láti Ìbàdàn Dé Yàrá Ìbùsùn: Ta Ni Yóò Wo Tẹlifíṣàn Yìí?

Ìbéèrè mẹ́ta ni oníbàárà tó ń wá tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ kékeré sí yàrá ìbùsùn sábà máa ń bi ọlọ́jà, yálà ní Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin tàbí níbòmíràn: báwo ló ṣe fẹ̀ tó, ṣé ó ń jẹ iná púpọ̀, eélòó sì ni jálẹ̀? Ìbéèrè kẹrin kì í sábà jáde lẹ́nu: ta ni yóò máa wò ó? Bẹ́ẹ̀ ìtàn ẹ̀rọ yìí nílẹ̀ wa fi hàn pé ìbéèrè kẹrin ló wúwo jù.

Ọ̀rọ̀ èsì ló bí tẹlifíṣàn nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn ìjà òmìnira tó wáyé nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì dá ẹgbẹ́ Action Group lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá ń pe rédíò. Lọ́jọ́ náà, orúkọ ro ó. Nígbà tí òfin ọdún 1954 gba ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn kò fi falẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ojú Àníkẹ́ Agbájé-Williams sì ni àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí.

Ìlọrin kò sí lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn nígbà náà. Ẹkùn Àríwá ló wà, Kàdúná ni tẹlifíṣàn ẹkùn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Ọdún 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Kwara lónìí sílẹ̀. Ní ọdún 1977, òfin ìjọba ológun kó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn gbogbo sábẹ́ NTA.

Ẹ̀rọ ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí a lè gbé wọ yàrá láìrò ó. Ìgò ńlá kan wà nínú rẹ̀, tí ìtànṣán ń ti ìdí rẹ̀ wá lu ojú rẹ̀. Bí ojú bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹ̀yìn ń gùn tó. Pálọ̀ ni àyè wà fún un, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń wà fún ilé púpọ̀. Tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, bá yọjú, ọmọ aládùúgbò jókòó sílẹ̀, àwọn mìíràn ń yọjú lójú fèrèsé. Onílé kò lè sọ pé òun nìkan ni yóò wò ó.

Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ ti yọ ìgò náà kúrò, ó fúyẹ́, ògiri sì tó o. Kí ẹni tó ń rà á rántí pé láti igun kan sí igun kejì tó dojú kọ ọ́ ni a ń wọn ín: oní-íǹṣì 32 fẹ̀ tó íǹṣì 28, ó sì ga tó íǹṣì 16. Bí ibùsùn kò bá jìnnà sí ògiri ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, oní-íǹṣì 24 ti tó. Irú èyí ń jẹ nǹkan bí wáàtì 30. Bí a bá ń wò ó fún wákàtí mẹ́rin lálaalẹ́, yúníìtì mẹ́ta àti díẹ̀ ni lóṣù. Nígbà tí owó iná Band A di ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, iye yẹn kò pé ₦1,000. Ẹ̀rọ onígò tó ń jẹ wáàtì 90 yóò gbà tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Kí ó tún bi ọlọ́jà bóyá ẹ̀rọ náà lè gba ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ díjítà, tí Ìlọrin ti bẹ̀rẹ̀ láti òpin ọdún 2017. Bí kò bá lè gbà á, owó dikódà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó wá ku ìbéèrè kẹrin. Fún ẹni tó gba yàrá kan ṣoṣo, yàrá náà ni pálọ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá a wí. Arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn àti ìyá ọmọ tuntun, àǹfààní ni fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí pálọ̀ wà, tí bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ tirẹ̀, tí ìyá ti tirẹ̀, tí àwọn ọmọ dojú kọ fóònù, ìròyìn kan náà wọlé lọ́nà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rò sí i. Ní pálọ̀ àtijọ́, àgbà a máa dá oníròyìn lóhùn, ọmọ a máa bi í pé èé ṣe. Bí ọmọ ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ ìlú nìyẹn.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú tẹlifíṣàn yàrá. Kí a rà á, kí a gbé e kọ́, ṣùgbọ́n kí ti pálọ̀ má ṣe kú, kí wákàtí ìròyìn sì jẹ́ ti gbogbo ilé. Nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ẹnìkan fèsì ni ẹ̀rọ yìí fi dé ọ̀dọ̀ wa. Kò yẹ kí àwa fúnra wa tún sọ ọ́ di asọ̀rọ̀mágbèsì.